Shildon: ìlú tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1975, èrò ya bo Shildon. Ìlú kékeré ni, ní ẹkùn Durham, ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò sí etí ojú irin tí ènìyàn ò dúró sí. Ayẹyẹ 150 ọdún reluwé Stockton àti Darlington ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, èéfín ń rú, fèrè ń dún, àwòkọ Locomotion, ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ fa ọkọ̀ lórí ojú irin náà, ló sì ṣáájú gbogbo wọn. Inú ọgbà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wágọ̀nù, ìyẹn ọkọ̀ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ni wọ́n ti tò jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló gba gbogbo ayé lálejò.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1984, wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn pa, wọn ò sì ṣí i mọ́ títí di òní.

Tí ẹ bá bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ẹni tó tì í, orúkọ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni Margaret Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. N ò ní sọ pé ọwọ́ ìjọba rẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tú ìtàn yìí wò síwájú àti sẹ́yìn, ohun kan ni mò ń bá pàdé lójú ọ̀nà nígbà gbogbo: wágọ̀nù kan tí àwọn ará Shildon fúnra wọn ṣe, tó dára ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbà mú ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ ó di dandan ká kọ́kọ́ mọ bí ìlú ṣe dé ibi tó wà.

Ìsàlẹ̀ òkè Brusselton

Kí reluwé tó dé, ìletò lásán ni Shildon, ilé díẹ̀ lórí òkè, ilẹ̀ àbàtà nísàlẹ̀. Èédú ló mú káwọn olówó bojú wo apá ibẹ̀. Kì í ṣe èédú tí àwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo ni mò ń wí o. Èyí tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ ni, tó le bí òkúta, tó sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní gbogbo àyíká Bishop Auckland. Wíwà á kọ́ ni ìṣòro, gbígbé e ni. Ẹ̀yìn ẹṣin àti inú kẹ̀kẹ́ ló ń wà lọ sí Darlington àti sí Stockton létí odò Tees, lórí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tó bá sì fi máa dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ dáná, ó ti di ọ̀wọ́n.

Àwọn oníṣòwò Darlington kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker ló dá owó jọ, Edward Pease sì ni aṣíwájú wọn. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ni George Stephenson, ọmọ òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà, tó ti pé ọmọ ọdún 18 kó tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1825, ojú irin náà ṣí.

Ohun tí wọn kì í sọ nínú ìwé ọmọdé ni pé ẹṣin ló kọ́kọ́ fa àwọn wágọ̀nù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti ibi kòtò èédú ní Witton Park ni wọ́n ti gbéra, òkè méjì sì dábùú ọ̀nà, Etherley àti Brusselton. Kò sí ẹ́ńjìnnì alágbèérìn ìgbà yẹn tó lè gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbé ẹ̀rọ onígbóná kan kalẹ̀ sórí òkè kọ̀ọ̀kan, ó ń fi okùn wọ́ wágọ̀nù gòkè, á sì rọra tú okùn sílẹ̀ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Láàárín òkè méjèèjì, ẹṣin. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tán ní ìsàlẹ̀ Brusselton ni ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ibẹ̀ ni Locomotion ti ń dúró dè wọ́n, Stephenson fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìwé ìwọkọ̀ 300 ni wọ́n tà, àwọn tó rọ̀ mọ́ wágọ̀nù lọ sí Stockton lọ́jọ́ náà sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn kan jókòó sórí èédú.

Ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni Shildon. Kò sí odò ńlá níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ààfin. Ibi tí okùn ti ń tú ẹrù lé ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ni, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dúró náà ni wọ́n á ti tún un ṣe tó bá bàjẹ́, ó sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

(Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ni Stephenson fi sí àárín irin méjèèjì, bó ṣe bá a níbi ìwakùsà tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ìdajì íǹṣì kún un nígbà tó yá, ìyẹn 1,435 mílímítà. Ìwọ̀n yẹn gan-an ló wà lábẹ́ ọkọ̀ tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021. Ti àwọn òyìnbó amúnisìn, èyí tí àwọn bàbá wa wọ̀ láti Ìddó, tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: 1,067 mílímítà.)

Kò pẹ́ tí owó èédú fi já wálẹ̀ tó ìdajì ní Stockton. Stockton kò gba ọkọ̀ òkun ńlá dáadáa, ni àwọn Pease bá ra ilẹ̀ oko kan sísàlẹ̀ odò ní 1829, wọ́n fa ojú irin débẹ̀. Ènìyàn 25 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 1801. Middlesbrough lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn fi máa parí, iye ará ibẹ̀ ti ń lọ sí 90,000. Èédú tó gba ọ̀dọ̀ Shildon kọjá ló bí i.

Àgbẹ̀dẹ tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi

Ẹni tó dá ẹ́ńjìnnì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Shildon ni Timothy Hackworth. Àgbẹ̀dẹ ni, ọmọ Wylam. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti bí i, Ògún ni wọn ì bá fi í jọ́sìn fún, àmọ́ Mẹ́tọ́díìsì paraku ni, oníwàásù, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Wylam nítorí pé wọ́n ní kó wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ní 1825 ni wọ́n fi í ṣe alábòójútó ẹ́ńjìnnì ilé iṣẹ́ reluwé náà.

Ohun tó bá níbẹ̀ kò dára. Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyẹn ò ní agbára tó, wọn ò sì ṣeé fọkàn tán. Ní 1828, ìkòkò omi gbígbóná inú Locomotion bú gbàù, ó pa awakọ̀ rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, àwọn olówó ti ń rò ó pé bóyá kí àwọn padà sórí ẹṣin pátápátá. Hackworth ní kí wọ́n fún òun láyè. Royal George tó ṣe ní 1827, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ so pọ̀, ló fi hàn wọ́n pé irin lè borí ẹran fún ẹrù wíwúwo. Síbẹ̀ ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ èrò lórí ojú irin kan náà títí di 1833.

Gbogbo ayé mọ Rocket, ẹ́ńjìnnì ilé Stephenson tó gba ẹ̀bùn £500 níbi ìdíje àwọn ẹ́ńjìnnì ní Rainhill ní oṣù Kẹwàá 1829. Sans Pareil ti Hackworth wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sáré dáadáa kí sílíńdà rẹ̀ tó sán. Ilé iṣẹ́ Stephenson ló bá Hackworth rọ sílíńdà yẹn. Àwọn ará Shildon kò tíì gbàgbé. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níwájú àgbàlagbà ibẹ̀ tí ẹ bá ń kánjú.

Ní 1833, Hackworth dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Soho. Ọdún yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ àti ìkàwé ara wọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Railway Institute. Ní 1836, Soho kó ẹ́ńjìnnì kan ránṣẹ́ sí ọba Rọ́ṣíà, ọmọ Hackworth tí kò tíì pé ogún ọdún ló sì tẹ̀ lé e lọ bí ẹni tẹ̀ lé ìyàwó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òmíràn lọ sí Nova Scotia ní Kánádà. Láti ìsàlẹ̀ òkè tó jẹ́ àbàtà lánàá!

Hackworth kú ní 1850. Ní 1863, ilé iṣẹ́ reluwé North Eastern tó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra pín iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì lọ sí Darlington, wágọ̀nù kù fún Shildon.

Ẹni bá ń kà á lórí ìwé lè rò pé ìpín tí kò dára ló kan Shildon. Ẹ́ńjìnnì ni ọmọdé ń sáré lọ wò, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń sọ lórúkọ. Wágọ̀nù, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sí i lára. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì kan ń fa ọgọ́ọ̀rọ̀ wágọ̀nù, wágọ̀nù a sì máa bàjẹ́, igi rẹ̀ á jẹrà, irin rẹ̀ á dípẹtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹ. Iṣẹ́ tí kì í tán ni. Ó bọ́ Shildon fún 121 ọdún, ìran mẹ́rin, ìran márùn-ún: bàbá mú ọmọ wọlé, ọmọ mú àbúrò wọlé. Àwọn ará ìlú kì í dárúkọ ilé iṣẹ́ náà ní kíkún. “The Works” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé.

Àmì tó ti wà nílẹ̀

Ojú irin tí wágọ̀nù èédú ń sinmi lé ní Shildon pọ̀ débi pé, ní bíi ọdún 1920 sókè, wọ́n ń kà á mọ́ àwọn tó tóbi jù lágbàáyé: tí wọ́n bá nà wọ́n papọ̀, máìlì 27. Ní 1915, wọ́n ti fi iná mọ̀nàmọ́ná sí ojú irin láti Shildon dé Newport lẹ́gbẹ̀ẹ́ Middlesbrough, kí ẹ́ńjìnnì oníná mẹ́wàá lè máa kó èédú lọ. Ní 1935, wọ́n tú wáyà yẹn kúrò, èéfín padà dé. Èédú tó ń kọjá kò tó nǹkan mọ́ tí wọ́n fi lè náwó lé wáyà tuntun. Ìlú tó ní iná mọ̀nàmọ́ná lórí reluwé ní 1915 tó wá padà sórí èéfín ní 1935: ká ní mo wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rù ì bá bà mí.

Kòtò èédú apá ìwọ̀-oòrùn Durham ni wọ́n kọ́kọ́ wà, àwọn náà ló kọ́kọ́ gbẹ. Ìjọba gba gbogbo ibi ìwakùsà ní 1947, àmọ́ gbígbà kò sọ pé kí èédú tó ti tán tún hù. Ní 1951, ìgbìmọ̀ ẹkùn Durham ṣe ìwé ètò kan, wọ́n pín àwọn abúlé awakùsà sí ọ̀nà mẹ́rin, A dé D. Abúlé tó bá bọ́ sí D, wọn ò ní kọ́ ilé tuntun síbẹ̀ mọ́, wọn ò ní náwó síbẹ̀. Kó máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún abúlé tí D kọ́kọ́ mú. Witton Park wà lára wọn, Witton Park tí wágọ̀nù àkọ́kọ́ ti gbéra ní 1825! Àwọn ará ibẹ̀ kọ̀, wọn ò lọ, abúlé wọn sì wà títí dòní. Ìgbìmọ̀ náà pa ètò yẹn tì ní 1977.

Shildon kò sí nínú D. Òun ní “The Works.”

Wágọ̀nù náà

Nígbà tí ìjọba gba gbogbo reluwé ní 1948, wágọ̀nù tí wọ́n jogún ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé wọn kì í ṣiṣẹ́. Wágọ̀nù èédú kékeré kan, tó ń gba bíi tọ́ọ̀nù 16, wọ́n á kún un níbi ìwakùsà, wọ́n á fà á lọ sí ibùdó ìtòpọ̀, á dúró. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ òmíràn, á tún dúró. Tó bá dé ibi tó ń lọ, á dúró de àwọn tó máa kó èédú inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á padà lófìfo, bákan náà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀, orí ìjókòó ló wà. Kí èédú tó lè dé lójoojúmọ́, àfi kí wágọ̀nù pọ̀ bí eṣú. Tí wágọ̀nù bá pọ̀ bí eṣú, iṣẹ́ kò lè tán ní Shildon.

Láti bíi 1965 ni nǹkan yí padà. Ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ńlá ńlá ni wọ́n ń kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń jẹ èédú bí iná ọyẹ́. Wọ́n wá ṣe wágọ̀nù tuntun tó ń gba nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 32, tí wọ́n padà ń pè ní HAA. Ọkọ̀ náà á rọra gba abẹ́ àká èédú kọjá níbi ìwakùsà, láìdúró, á kún. Á lọ tààrà sí ilé iṣẹ́ iná, á rọra kọjá lórí kòtò ńlá kan. Irin tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á ṣílẹ̀kùn ìdí wágọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èédú á ya dà sílẹ̀, irin mìíràn á ti ìdí náà pa. Ọkọ̀ á yípo, á padà síbi tó ti wá. Ẹnikẹ́ni kò já a kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mú ṣọ́bìrì. Lójoojúmọ́, yípo-yípo.

Wágọ̀nù yìí lé ní 10,000 tí wọ́n ṣe, Shildon ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Iṣẹ́ yẹn dùn, ó pẹ́, owó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ wò. HAA kan gba ẹrù wágọ̀nù méjì àtijọ́, kì í sì í jókòó, nítorí náà iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn àtijọ́. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá jáde lẹ́nu ọ̀nà Shildon, ọgọ́ọ̀rọ̀ ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń já irin àlòkù. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, kò ní igi tó máa jẹrà, kì í tètè padà wá fún àtúnṣe. Iṣẹ́ dáadáa tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ṣe ló jẹ́ kí ayé má nílò wọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ mi le jù. Ẹrù mìíràn náà ń sá kúrò lórí irin bọ́ sórí títì, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sì ti ń ra wágọ̀nù tiwọn lọ́wọ́ àwọn aládàáni. Òótọ́ ni. Àmọ́ èédú ni òpómúléró Shildon, láti orí kòtò dé orí irin.

1982 sí 1984

Ní 1982 ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ tó sì ń tún un ṣe fún reluwé ìjọba, BREL, kéde pé Shildon máa lọ, Horwich náà ní Lancashire pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Shildon nígbà yẹn lé ní 2,000. Ọdún méjì ṣáájú, ní oṣù Kẹsàn-án 1980, wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ irin Consett pa nínú ẹkùn Durham kan náà, iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà kò sẹ́ni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ ní Shildon nípa ibi tí wọ́n máa rí iṣẹ́ mìíràn.

Wọ́n jà. Wọ́n wọ́de, wọ́n lọ sí London, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dìde. Derek Foster, ọmọ ẹgbẹ́ Labour tó ń ṣojú Bishop Auckland, gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti lóye: ilé iṣẹ́ wa kò bàjẹ́, ẹ̀rọ wa dára, ọwọ́ wa yá, ẹ jẹ́ ká máa ṣe wágọ̀nù fún ilẹ̀ òkèèrè. Ariwo wọn dá ìpinnu náà dúró díẹ̀. Ó tún padà wá.

Ibi tí mo ti bínú sí àwọn aláṣẹ nìyí, kì í ṣe nítorí wágọ̀nù. Ẹni tó bá paṣẹ HAA ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ̀ dájú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa pé. Ó lè kà á lórí ìka. Ó ní ọdún mẹ́wàá gbáko, ó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti wá nǹkan mìíràn tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣe. Kò sẹ́ni tó wá a. Ìgbà tí wágọ̀nù pé tán ni wọ́n tó wá sọ fún ìlú pé ìlú ti pọ̀ jù.

Oṣù Kẹta 1984 ni àwọn awakùsà da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí kòtò tí ìjọba fẹ́ tì. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni Shildon pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tí àwọn awakùsà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo ní oṣù Kẹta 1985, kò sí “The Works” mọ́ nínú ẹkùn wọn.

Ohun tó kù

Wọ́n pín ọgbà náà fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, wọ́n sọ ọ́ ní Hackworth. Kò sí èyí tó gba èrò bíi ti àtijọ́ nínú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń jí wọ ọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Darlington àti Newton Aycliffe.

Ní 2004, ilé ọnà reluwé kan ṣí ní Shildon, Locomotion lorúkọ rẹ̀, ẹ̀ka ilé ọnà reluwé ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ibẹ̀. Ilé tí Hackworth gbé wà nínú ọgbà rẹ̀, Sans Pareil wà níbẹ̀, sílíńdà àti gbogbo rẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé Locomotion gan-an kúrò ní Darlington wá síbẹ̀, Darlington sì gbé ọ̀rọ̀ náà gbóná fún wọn. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1863, n ò lè ṣàánú Darlington púpọ̀. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Hitachi ti ilẹ̀ Japan ṣí ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ojú irin èrò pọ̀ ní Newton Aycliffe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin 1825 yẹn gan-an, máìlì díẹ̀ sí Shildon. Ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń tò níbẹ̀, wọn kì í ṣe wágọ̀nù.

Àwọn HAA náà ti kúrò lójú ọ̀nà. Lára ibi tí wọ́n ti máa ń ya èédú dà sílẹ̀ ni ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná Ratcliffe-on-Soar ní Nottinghamshire, èyí tó gbẹ̀yìn gbogbo àwọn tó ń fi èédú ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pa iná rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024. Láti ọjọ́ tí Stephenson so ẹ́ńjìnnì mọ́ èédú ní ìsàlẹ̀ Brusselton, ọdún 199 àti ọjọ́ mẹ́ta.